Ọjọ́ Àrà, Orin Ilé: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ètò Orin Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Kalẹ̀ Lórí Rédíò n'Ílọrin

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí àwọn èèyàn ò tíì yà sọ́tọ̀ fún nǹkan kan. Ẹ̀wà ní ọjọ́ tirẹ̀, 10 February. Ẹ̀fọn ní tirẹ̀, 20 August. Àwọn tó ń lo ọwọ́ òsì ní 13 August. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá ní 19 November, kì í sì í ṣe àwàdà o, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló fọwọ́ sí i lọ́dún 2013. Ẹni tó bá rí wákàtí kan gbà lọ́sẹ̀ lórí rédíò, tó sì lórin lọ́wọ́, lè fi irú ọjọ́ àrà báyìí ṣe ètò tí àwọn olùgbọ́ á máa dúró dè. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe é n'Ílọrin, l'Ọ́fà, l'Ómù-Àrán, tàbí níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gbọ́ rédíò Kwara.

Ohun tó máa ń tètè pa irú ètò yìí kì í ṣe pé ọjọ́ tán nílẹ̀. Ọjọ́ pọ̀ ju orin lọ. Ohun tó ń pa á ni pé atọ́kùn á kọ́kọ́ mú ọjọ́, á wá máa sá kiri wá orin tó dárúkọ nǹkan náà. Ọjọ́ òjò, orin òjò márùn-ún. Ọjọ́ ológbò, kò rí orin ológbò, ló bá kó orin òyìnbó kún un, àwọn tó ń gbọ́ ọ ní Gáà-Àkánbí yí rédíò sí ibòmíràn. Orin ni kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí orin tó wà lọ́wọ́ yín yan ọjọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka orin, ẹ tó ka ọjọ́

Ẹ mú ìwé ńlá kan. Gbogbo àwo, kásẹ́ẹ̀tì àti orin inú fóònù tí ẹ ní, ẹ jókòó gbọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ orin nìkan ò tó. Ọ̀rọ̀ wo ló ń sọ? Owó ni, àìsàn ni, orogún ni, oúnjẹ ni, àìsùn ni, àlejò tí a ò pè ni? Níbo ni ìlù ti dá sọ̀rọ̀ tí akọrin dákẹ́? Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Iṣẹ́ yìí ló gba àkókò jù, òun náà ló sì lérè jù, pàápàá fún ẹni tó bá ní Dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, lọ́wọ́. Akọrin Dàdàkúàdà kì í dúró sójú kan. Ẹ gbọ́ Odòlayé Àrẹ̀mú tàbí Jáígbadé Àlàó: oríkì lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹ tó mọ̀ ó ti di àwàdà, àwàdà di òwe, òwe di ìmọ̀ràn fún ọkùnrin tó ń fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó, kó tó tún padà sórí oríkì ẹlòmíràn. Ojú àwo kan ṣoṣo lè sìn yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹ máa ti bù ú. Ẹni tí kò bá kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀ á kàn máa fi ìbẹ̀rẹ̀ àwo sórí afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, oríkì kan náà, ẹni kan náà.

Ẹ má dúró lórí Dàdàkúàdà nìkan. Wákà Bàtílì Àlàkẹ́, àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá àti ti Àyìnlá Ọmọwúrà, jùjú, orin àwọn ìyá asálátù, fújì. Kollington Àyìnlá tó gbé fújì kiri ayé, ọmọ Ìlọ́ta lẹ́bàá Ìlọrin níhìn-ín ni. Orin àwọn ọmọ ìwòyí náà ní àyè tirẹ̀. Bí orin àgbà mẹ́rin bá ti lọ, orin ọmọdé kan á jí àwọn ọmọ Tańkẹ́ tó ń fi fóònù gbọ́ rédíò.

Níbo lẹ ti máa rí orin tó ti pẹ́? Àwọn tó ń da orin sínú mẹ́mọ́rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ní púpọ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n ní ti fẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ ti ṣá. Èyí tó dáa jù wà nínú ilé àwọn bàbá, lábẹ́ ibùsùn, nínú páálí. Ẹ lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ tọrọ àyè láti gbà á sílẹ̀ nínú ilé wọn níbẹ̀, ẹ má gbé àwo bàbá kúrò nílé. Kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu eruku ojú àwo kúrò kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní WAV, irú fáìlì tí kì í dín ohùn kù, ẹ má sọ ọ́ di MP3 títí ẹ óò fi ṣe tán.

Ọjọ́ 13, àti ẹni tó dá wọn sílẹ̀

Mẹ́tàlá, nítorí pé ọ̀sẹ̀ 13 ló wà nínú ìdá mẹ́rin ọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ṣe ń to ètò wọn. Ẹ ní mẹ́tàlá tó ti pé, pẹ̀lú orin wọn, kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀ sí i fún àfirọ́pò.

Ìgbà yìí ni ẹ óò wá ṣí kàlẹ́ńdà. Oríṣi ọjọ́ mẹ́ta lẹ máa bá pàdé. Àwọn kan jẹ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, déètì wọn kì í yẹ̀, ẹ sì lè rí i kà lórí ìkànnì wọn: ọjọ́ ẹ̀wà àti gbogbo irúgbìn tó jọ ọ́ wà nínú wọn, 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ti oyin, 20 May, ti kẹ̀kẹ́ ológeere, 3 June. Àwọn kan, ẹgbẹ́ tàbí ẹnìkan ló dá wọn sílẹ̀, wọ́n sì ti ṣe é títí ó fi tàn. Àwọn yòókù, oníṣòwò ló bí wọn kí ọjà lè tà. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan bá dá sílẹ̀ nítorí ìpara tàbí ṣokoléètì, ẹ má polówó ọjà wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n wá san owó.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n bá kọ "National" mọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn, kì í ṣe Nàìjíríà. Ìkànnì tó gbajúmọ̀ jù fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, North Dakota ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 2013. Ìwé kan tún wà ní Amẹ́ríkà, Chase's Calendar of Events, tó ti ń ka àwọn ọjọ́ báyìí sílẹ̀ láti 1957. Ó wúlò, ṣùgbọ́n tí atọ́kùn bá lọ sọ lórí afẹ́fẹ́ pé "òní ni ọjọ́ búrẹ́dì ní orílẹ̀-èdè wa", ẹnìkan ní Àdéwọlé á pè láti bi í pé ìjọba wo ló kéde rẹ̀. Á sì jàre.

Àwọn ọjọ́ mìíràn ń sún kiri. Ọjọ́ ẹyin jẹ́ Friday kejì nínú October. Ọjọ́ igún jẹ́ Saturday àkọ́kọ́ nínú September. Ẹ máa wo déètì lọ́dọọdún, ẹ má fi ti èṣí ṣe é.

Ètò yín lè jẹ́ Thursday, kí ọjọ́ àrà bọ́ sí Monday. Kò burú. Ẹ ṣe é ní Thursday tó ṣáájú, má ṣe é ní Thursday tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ṣe é ṣáájú, olùgbọ́ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé nígbà tí ọjọ́ náà bá pé. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn, ìròyìn àná ni.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí mo fi ń dán gbogbo ọjọ́ wò: ta ló máa pè wá nípa rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú 19 September, ọjọ́ tí wọ́n ní kí gbogbo ayé máa sọ̀rọ̀ bí olè orí òkun. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní Amẹ́ríkà, John Baur àti Mark Summers, ló fi ṣe àwàdà lọ́dún 1995, ó sì di ńlá. Òkun dà n'Ílọrin? Kò sẹ́ni tó máa pè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun tó ń dùn wọ́n níbẹ̀ ni kí èèyàn máa sọ èdè tí kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Àwa náà ní ẹnà, èdè tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ ẹnà, kí olùgbọ́ tó bá pè kí yín pẹ̀lú "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ" (mo fẹ́ lọ), kí ẹ máa wò ó bóyá àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ṣì rántí. Kí ẹ wá fi orin tí wọ́n ti ń fi àṣírí ránṣẹ́, orin òwe àti orin èébú tí a fi aṣọ bò, sí abẹ́ rẹ̀. Fóònù ò ní sinmi.

Ọjọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ pàtàkì ni, ṣùgbọ́n ètò ìlera ló yẹ ẹ́. Orin tó dáhùn sí i ò pọ̀, àwọn èèyàn sì lè máa jẹun lọ́wọ́. Èmi ò ní ṣe é.

Àwọn ọjọ́ kan wà tó dà bíi ti àjèjì, tó jẹ́ pé ilé wa gan-an ló yẹ. 18 May ni ọjọ́ àwọn musíọ́mù lágbàáyé. Musíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Èsìẹ́ ló wà, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, 1945 ni wọ́n ṣí i, ère òkúta tó lé ní 1,000 ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe ètò lápá gúúsù Kwara tó fo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó jẹ̀bi.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe ń rí: ọwọ́ òsì

Mo fẹ́ rin èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ lè rí bí orin ṣe ń dáhùn láìdárúkọ.

1976 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọjọ́ àwọn tó ń lo òsì, 13 August, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà tó rọrùn á máa wá orin tí "òsì" wà nínú rẹ̀. Á rí i, àmọ́ òṣì ló máa pọ̀ jù níbẹ̀, ètò á wá di ẹkún àìlówó. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ wo onílù.

Onígángan tàbí oníyàá ìlù, kọ̀ǹgọ́ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń wo kọ̀ǹgọ́. Àmọ́ apá òsì ló ń fún osán, osán ló ń gbé ohùn ròkè tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀tún ń lu awọ, òsì ló ń sọ̀rọ̀. Tí òsì bá kọ̀, ìlù ti ya odi nìyẹn. Ní kété tí èyí bá ti yé yín, orin ọ̀sẹ̀ náà ti pé: gbogbo ibi tí ẹ ti kọ sínú ìwé pé ìlù dá sọ̀rọ̀, ẹ kó wọn jọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣíde ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Ó lè lọ báyìí:

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin awakọ̀ wa lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí, ọjọ́ àwọn tó ń lo òsì ni káàkiri ayé. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ nílé pé, ọjọ́ wo nìyẹn, ṣé ọwọ́ òsì náà ń ṣọdún? Ẹ fara balẹ̀. Onílù kan ń bọ̀ báyìí. Ẹ má gbọ́ kọ̀ǹgọ́, ẹ gbọ́ ọwọ́ kejì. Tí ẹ bá mọ ohun tí ìlù yẹn sọ, ẹ dúró dè mí, nọ́ńbà wa ń bọ̀."

Kí orin wọlé lójú ẹsẹ̀. Kò sí "láìfi àkókò ṣòfò", kò sí "ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ọ ná".

Ìbéèrè fún olùgbọ́: ta ni wọ́n na nílé kéú tàbí nílé ìwé nítorí pé ó fi òsì mú nǹkan, kí ló sì ń fi ọwọ́ yẹn ṣe lónìí? Ìbéèrè tó ní ìtàn nínú nìyẹn. Tí ẹ bá bi wọ́n pé "kí lẹ rò nípa àwọn tó ń lo òsì?", àlàyé ẹ̀sìn lẹ máa gbọ́ títí wákàtí á fi tán. Ní ìlú tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù, gbogbo ẹni tó tẹ́tí sí yín ló mọ̀ pé ọ̀tún la fi ń jẹun. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ jà sí níbẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ lọ sórí iṣẹ́ ọwọ́: aránṣọ, onígbàjámọ̀, agbábọ́ọ̀lù, aláró. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń lo òsì pọ̀, wọ́n sì ní ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ oorun àti ọ̀sẹ̀ ẹ̀fọn

Ọjọ́ oorun lágbàáyé máa ń jẹ́ Friday kan ní March. Ní 2024, 15 March ni; ní 2025, 14 March. Nínú ààwẹ̀ Ramadan ni méjèèjì bọ́ sí. Ẹlòmíràn á ní àkókò ò dáa. Mo ní kò sí àkókò tó dáa tó bẹ́ẹ̀: oṣù tí gbogbo ìlú ń jí jẹ sààrì ni wọ́n ní ká wá sọ̀rọ̀ oorun! Inú orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí èèyàn ni fújì ti ṣẹ̀ wá, kí Síkírù Àyìndé Barrister tó fún un lórúkọ tó fi di ti gbogbo ayé. Ẹ fi ohùn wéré àtijọ́ àti asálátù ṣe é, kí ẹ jẹ́ kí ìlù àríyá sinmi lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí n'Ílọrin ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ ẹ nínú ààwẹ̀. Kí ẹ béèrè pé ta ló ń jí yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Tí oorun bá bọ́ sí ìta Ramadan lọ́dún mìíràn, ó di ọ̀sẹ̀ lásán, ẹ lè fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ ẹ̀fọn ní ìtàn tó ṣe é sọ: 20 August 1897 ni Ronald Ross, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Kí ayé tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, afẹ́fẹ́ burúkú ni wọ́n ń bú. Orin tí mo máa fi tẹ̀ lé e? Kì í ṣe orin ibà. Orin àlejò tí a ò pè, orin ẹni tó ń dọdẹ owó ẹlòmíràn, orin ọ̀rẹ́ tó ń kùn létí ẹni lóru. Olùgbọ́ á rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, ẹ ò ní láti ṣàlàyé.

Wákàtí náà gan-an

Wákàtí kan kì í ṣe 60 ìṣẹ́jú orin. Ẹ yọ ìpolówó bíi 9 kúrò, ọ̀rọ̀ ẹnu yín bíi 10, fóònù 8. Ó kù díẹ̀ lé ní 30 fún orin. Ìyẹn ni orin márùn-ún tàbí mẹ́fà, pẹ̀lú ẹyọ kan tó gùn. Ẹni tó bá kó orin 12 wá sí sitúdíò á máa gé wọn lọ́rùn.

Orin méjì kọ́kọ́ lọ lẹ́yìn ìṣíde. Lẹ́yìn wọn ni kí ẹ tó dárúkọ àwọn tó kọ wọ́n, ìlú wọn, àti onílù tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ìpolówó. Orin kan. Fóònù. Orin gígùn tó jẹ́ ọkàn ètò yóò wọlé lẹ́yìn fóònù, nígbà tí ara ti yá. Ìpolówó kejì, orin ọ̀dọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp, kí ẹ fi orin kúkúrú tilẹ̀kùn.

Aago wo? Ẹ má jẹ́ kí Mọ̀gáríbì bọ́ sí àárín ètò yín. N'Ílọrin, ó ń sún láti bíi aago mẹ́fà àtààbọ̀ nígbà ọyẹ́ dé bíi méje nígbà òjò, nítorí náà ètò tó bá wà láàárín mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́ á máa ṣe kòǹgẹ́ rẹ̀ ní apá kan ọdún. Mẹ́jọ àtààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àtààbọ̀ alẹ́ dáa, àyàfi nínú Ramadan, tí àwọn èèyàn wà nídìí aṣáámù, ìrun alẹ́ ààwẹ̀. Mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Saturday náà dáa fún àwọn tó ń ti òde ìyàwó bọ̀. Friday ọ̀sán, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

Gígé orin gígùn

Ojú kan àwo ńlá lè gba ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdánu dúró. Ètò yín ò lè gbé e. Ẹ fi Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ohùn, gé e. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àtijọ́ gan-an lè gbé e.

Ẹ fi ìgbọ́hùn etí gbọ́ ọ, kì í ṣe sípíkà. Ẹ wá ibi tí elégbè ti gba orin tí wọ́n sì ti gbé e kalẹ̀, ibẹ̀ ni akọrin ti máa ń mí kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun. Kí ọ̀bẹ bọ́ sórí ìlù tó wúwo, kì í ṣe sáàárín rẹ̀; tí ẹ bá gé e sáàárín, ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó á kọ́. Ẹ jẹ́ kí òpin rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ má gé oríkì ìdílé kankan sí méjì. Ọmọ ìdílé náà ń gbọ́ yín, á sì pè.

Orin ìwòyí máa ń pariwo ju ti kásẹ́ẹ̀tì 1980 lọ. Inú Audacity ni "Loudness Normalization" wà, ẹ fi dọ́gba gbogbo wọn kí onímọ́tò má bàa máa gbé ọwọ́ lọ gbé ọwọ́ bọ̀ lórí rédíò. Kí ẹ wá to wọn sínú fìláàṣì méjì, nọ́ńbà níwájú orúkọ, 01, 02, 03. Ọ̀kan lápò, ọ̀kan nínú báàgì. Iná lè lọ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gé orin, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ ètò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé Dàdàkúàdà èyíkéyìí sáfẹ́fẹ́, ẹ gbọ́ apá tí ẹ gé náà látòkèdélẹ̀. Àwọn àgbà olórin yẹn kọrin fún olóṣèlú, wọ́n sì mọ bí a ti ń gún ọ̀tá ẹni tó ń sanwó lábẹ́rẹ́. Ní àkókò ìdìbò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní 40 ọdún sẹ́yìn lè dà bíi pé òní ni.

Fóònù

"Ẹ kú ètò o. Ẹ kú ètò. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" A ń gbọ́ yín, sà. "Ẹ bá mi kí bàbá mi n'Ípata, ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi Alhaja ní Pákátà, ẹ kí gbogbo àwọn ẹbí mi ní Ìlọrin lápapọ̀..." Ìṣẹ́jú méjì ti lọ, kò tíì sọ nǹkan kan. A ò lè bá a wí, ọmọlúàbí ló ń ṣe. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ kéde láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìkíni ń lọ sórí WhatsApp, ẹ óò kà á jáde ní ìparí ètò, kí ẹ sì kà á jáde lóòótọ́. Tí ẹ bá fo orúkọ bàbá ẹnìkan lọ́sẹ̀ yìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún gbé e wá sórí fóònù.

Ẹ ní kí ẹni tó pè rẹ rédíò rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn rẹ̀ á máa padà wá bá a, á wá máa dákẹ́ láti gbọ́ ara rẹ̀.

Ẹ bu ọ̀wọ̀ fún àgbà tó bá pè, kódà tó bá ní ètò yín ò nítumọ̀. "Ẹ ṣé, bàbá, ẹ kú àmọ̀ràn, ẹ jẹ́ ká fi orin yìí bẹ̀ yín." Orin wọlé. Ó ti tán.

Ọ̀rọ̀ kan náà lè dùn l'Ómù-Àrán kó má dùn n'Ílọrin. Ẹni tó bá ṣe ọ̀sẹ̀ aṣọ tàbí ti ijó lápá Ìgbómìnà tó mẹ́nu ba egúngún Ẹ̀lẹ̀wẹ̀, ijó lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó pè. N'Ílọrin, ìbéèrè lẹ máa gbọ́. Ẹ mọ ibi tí ilé-iṣẹ́ yín ń gbóhùn dé.

Owó àti òfin

Sọ̀rọ̀sọ́rọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò sábà máa ń ra àkókò rẹ̀ ni, á wá lọ wá onígbọ̀wọ́. Ẹgbẹ́ wọn, FIBAN, ni ẹ óò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń tà á àti bí a ṣe ń ná an. Ẹ gbé ètò àpẹẹrẹ kan tó ti pé dání sínú fìláàṣì, pẹ̀lú ìwé ọ̀sẹ̀ 13 yín. Ọjọ́ àrà ń mú onígbọ̀wọ́ wá tí ẹ bá lo orí: ẹni tó ń ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò ní fi August ṣeré, ẹni tó ń ta ẹyin ń wo October. Ẹ lọ bá wọn ní oṣù méjì ṣáájú, kí wọ́n lè rówó.

Ìpolówó àgbo tàbí oògùn ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé NAFDAC fọwọ́ sí i, ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó, náà sì máa ń yẹ ìpolówó wò. Ẹ̀tọ́ olórin wà nínú òfin Copyright ti 2022: pé ẹ ra kásẹ́ẹ̀tì ò túmọ̀ sí pé ẹ lè gbé e sáfẹ́fẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò irú àdéhùn tí wọ́n ní, kí ẹ sì máa kọ orin tí ẹ lò, olórin àti ìṣẹ́jú rẹ̀, fún wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, náà ní orin tí kò fẹ́ gbọ́ lórí rédíò. Ọ̀gá sitúdíò ló ní àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Tí ọba bá wàjà tàbí tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́sẹ̀ ètò yín, ẹ má ṣe ọjọ́ àrà kankan. Ẹ ti gbọdọ̀ ní wákàtí orin jẹ́jẹ́ kan tí kò ní àwàdà nínú nílẹ̀. Ẹ gbé e wọlé, ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 13, ẹ ti lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjọ́ tiyín sílẹ̀. John Baur àti Mark Summers ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀fà ti ní ìjàkadì lórò. Tí wọ́n bá ya Saturday kan sọ́tọ̀ fún orin ìjàkadì, ta ló máa bá wọn jà? N'Ílọrin, èmi á dìbò fún wàrà. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń fi ewé bomubómu mú wàrà dì, ohùn tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ládùúgbò jẹ́ orin fúnra rẹ̀. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀ láàárọ̀ kí mọ́tò tó pọ̀, ẹ fi ṣe orin ìṣíde ọ̀sẹ̀ yẹn. Kí àwọn olùgbọ́ yan déètì rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá yín, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ ní déètì kan náà.